Òṣùmàrè Ara Àbẹ́là

"Mo rí òṣùmàrè!"

Dárasími, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Inísà, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn akọrin ń mí sínú láti gbé ẹsẹ orin tó kàn. Ó na ìka sí àbẹ́là tó ń jó lórí pẹpẹ.

"Ó yí iná náà ká, róbótó báyìí. Pupa wà níbẹ̀, búlúù wà níbẹ̀."

Gbogbo ilé yíjú sí i. Àfi bí Màmá Ojúọlá, Ìyá Àdúrà ìjọ náà, ṣe fò dìde bí ẹni tí orúnkún ò dùn rí.

"Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ọmọ yìí ríran!"

Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n gbé ọmọ náà sókè. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ pèrèpèrè, ojú náà pọ́n bí ata, kò sì fẹ́ là á sí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé. "Ẹ̀mí ti bà lé e," ni ìyá kan wí. "Ẹ ò rí i bó ṣe dijú?" Wọ́n gbé àwo tùràrí sún mọ́ ọn, èéfín bò ó lójú, omijé náà pọ̀ sí i, ìjọ sì tún hó yèè.

Bọ́sẹ̀dé, ìyá ọmọ náà, ń sunkún ayọ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́yìn pátápátá. Ibẹ̀ ni ìjókòó rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ wáṣẹ́ ní Kútọnu tí kò padà wá mọ́. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n fà á lọ́wọ́ wá síwájú, tí wọ́n fún un ní àga onítìmùtìmù.

Fọláfúnmi náà pàtẹ́wọ́. Àbúrò Bọ́sẹ̀dé ni, télọ̀ ni ní Ìkìrun, ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń wá sí Inísà. Bí wọ́n bá bi í, á ní ẹ̀gbọ́n òun lòun wá kí. Irọ́ funfun báláú! Gbogbo ìjọ ló mọ ẹni tó ń wá kí. Ó wà lórí ìlà kẹta àwọn akọrin, ó ga, ó dúdú, ohùn rẹ̀ nípọn bí oyin inú agbè. Ọláwálé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Màmá Ojúọlá gan-an ni, òun ló ń wa ọkọ̀ akérò kórópe láàárín Ìkìrun àti Òṣogbo. Bó bá ti gbé ohùn sókè, tó sì yọ́jú wo Fọláfúnmi, ṣe ni ọmọbìnrin náà ń gbàgbé ẹsẹ orin tó wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn Àjíǹde ni ẹbí méjèèjì fẹ́ pàdé fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Láti ọjọ́ náà, Dárasími kì í ṣe Dárasími mọ́. Aríran Kékeré ni.

*

Ojú ọmọ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pọ́n. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ni, bí ọyẹ́ bá ti dé tí eruku dìde, á máa yún un, á máa ṣomi. "Àpólò ni," ni wọ́n máa ń wí. Ta ni Àpólò ò ṣe rí? Ó ń bọ̀, ó ń lọ. Bọ́sẹ̀dé, tó ń yan gàrí tà, máa ń gbé ọmọ náà jókòó sẹ́bàá agbada, á ní kó má ra ojú. Bó bá pọ̀ jù, á lọ sí kẹ́míìsì, á ra ìgò oògùn ojú kékeré kan tó ní ìdérí pupa. Ẹ̀kán kan péré, ara ọmọ á tù ú wìnnì, á sì máa ṣeré. Nítorí náà, Bọ́sẹ̀dé ń rà á ṣáá, ó sì ń kán an lójoojúmọ́, bí ẹní ń bu omi mu.

Ọjọ́ kan tí Bọ́sẹ̀dé wá ná ọjà Ìkìrun, ó fi Dárasími sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Fọláfúnmi. Inú ọmọ náà dùn. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni kó máa bá àǹtí rẹ̀ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kéré, ojú rẹ̀ sì mú, tẹ́lẹ̀.

Ó fi itọ́ rin òwú. Ó gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ó sún un mọ́ imú. Òwú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún un ṣe. Ó gún ara rẹ̀ níka.

"Àǹtí mi, abẹ́rẹ́ yìí ò lójú."

Fọláfúnmi rẹ́rìn-ín. "Abẹ́rẹ́ wo ni ò lójú? Mú un wá, ọ̀lẹ." Ó gbà á, ó ki òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n múná dé. Gbogbo àdúgbò kígbe ayọ̀, gílóòbù ṣọ́ọ̀bù náà sì tàn. Dárasími gbọ́wọ́ bo ojú, ó yọ́ ọ wò láàárín ìka.

"Òṣùmàrè tiyín náà nìyẹn."

Fọláfúnmi gbójú sókè. Gílóòbù lásán ló rí, èyí tí kòkòrò ti kú sí lára.

"Òṣùmàrè wo?"

"Tó yí i ká yẹn. Bíi ti ìjọ."

Fọláfúnmi rọra jókòó sórí àpótí. "Dárasími, àwọn iná wo ló tún ní òṣùmàrè?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Àǹtí. Iná ọ̀kadà. Iná fóònù Màámi. Ti kórópe Bọ̀ọ̀dá Wálé, méjì ni tiẹ̀, torí iná ẹ̀ méjì."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn ní ìjọ?"

Ọmọ náà gbé èjìká. "Wọn ò bi mí nípa ọ̀kadà. Àbẹ́là ni wọ́n ń bi mí."

Fọláfúnmi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún ọmọ náà. "Ìka mélòó nìyí?"

Ọmọ náà ń wò, ó ń wò. "Mi ò rí ìka. Mo rí ọwọ́."

Fọláfúnmi fà á dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, ó la ìpéǹpéjú òsì náà. Ohun funfun kan wà lórí dúdú ojú náà, ó rí roboto, bí ìpẹ́ ẹja kékeré.

*

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú Dárasími ń kú lọ."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Bọ́sẹ̀dé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Irú ẹnu wo nìyẹn, Fọláfúnmi? Àpólò ni."

"Àpólò kì í bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́ ọdún márùn-ún. Àpólò máa ń ran ará ilé ni. Ta ló ràn nínú yín rí? Gbogbo iná ló ń rí òṣùmàrè lára ẹ̀, kì í ṣe ti pẹpẹ nìkan. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ìsàlẹ̀ títì níbí náà ni wọ́n wà."

Ohùn Bọ́sẹ̀dé lọ sílẹ̀.

"Nígbà tí bàbá ọmọ yìí lọ, ta ló ń kí mi ní Inísà? Bí mo bá dé ìdí omi ẹ̀rọ, wọ́n á ní kí aláìlọ́kọ dúró ná. Lónìí, Ìyá Aríran ni wọ́n ń pè mí. Èmi ni wọ́n ń jẹ́ kó kọ́kọ́ pọnmi. Ìwọ tó o fẹ́ fẹ́ ọmọ Ìyá Àdúrà, ìwọ ti rí tìrẹ. Èmi ńkọ́? Ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, òun náà lo fẹ́ sọ di àìsàn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Dárasími, ó yá, wọ bàtà ẹ!"

Wọ́n lọ. Ìgò onídèérí pupa náà já bọ́ nínú báàgì nígbà tí Bọ́sẹ̀dé ń fìbínú gbé e. Fọláfúnmi ṣà á nílẹ̀. Kò pè wọ́n padà.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ọ̀dọ̀ dókítà náà lọ lójú ẹsẹ̀.

Obìnrin kúkúrú kan ni Dókítà Ọlánípẹ̀kun, onídìgí, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó yí ìgò náà lọ́wọ́, ó ka ara rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Tó bá ń yún un, báwo ló ṣe máa ń ra á?"

"Bí ẹni ń lọ ata ni, mà."

"Ipin rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń fà bí ilá."

"Kì í ṣe Àpólò. Kì í ràn. Ara ọmọ náà ni kò gba eruku, kò gba èéfín. Inú ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti yọ kókó kókó, bó bá sì ti ń ṣẹ́jú, ṣe ni kókó yẹn ń ha dúdú ojú bí kànìnkànìn. Ibi funfun tí o rí yẹn, egbò ni. Ìyẹn nìkan kọ́." Ó gbé ìgò náà sókè. "Oògùn yìí lágbára. Bí dókítà bá ń ṣọ́ ọmọ, a máa ń fi í tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí wọ́n bá ń kán an lọ láìdúró, omi inú ẹyinjú á máa kún, ẹyinjú á le, á máa fún iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Òṣùmàrè tó ń rí, ibẹ̀ ló ti ń wá."

"Ṣé ó máa fọ́ ni, mà?"

"Ojú òsì, mi ò lè ṣèlérí. Ojú ọ̀tún ṣì lè wà lọ́wọ́ wa, bó bá tètè dé. Ohun tí ojú bá ti pàdánù nínú iṣan yẹn, kì í padà, arábìnrin. Mú un wá. Ilé mi ló wà lẹ́yìn ibí. Ọjọ́ yòówù kó jẹ́, kan ilẹ̀kùn."

Fọláfúnmi jáde. Oòrùn Ìkìrun ń ràn, àwọn ọlọ́kadà ń pariwo "Inísà! Ọ̀kúkù! Ìgbàyè!" Ó dúró láàárín wọn, ó di ìgò náà mú gírígírí. Ó ti pinnu pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà, bí ìyá rẹ̀ fẹ́, bó kọ̀.

*

Abẹ́ kórópe rẹ̀ ló ti bá Ọláwálé, ní gáréèjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Mo mọ bàtà yẹn," ni ohùn oyin náà wí láti abẹ́ ọkọ̀. "Bàtà ìyàwó mi ni."

Lọ́jọ́ mìíràn, Fọláfúnmi ì bá ti dà bí ẹni tó ń fò lókè. Lónìí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì sọ ohun gbogbo fún ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta náà, títí dórí bó ṣe fẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ọmọ náà kúrò ní ìsọjí tó ń bọ̀. Ọláwálé yọ jáde, òróró wà níwájú orí rẹ̀.

"Ọ̀tunla ni ìsọjí Ọ̀kúkù," ló wí jẹ́ẹ́. "Màámi ti kéde fún gbogbo agbègbè pé Aríran Kékeré ń bọ̀. Èmi ni mo máa gbé àwọn akọrin lọ. Ọjọ́ náà gan-an lo fẹ́ kí n gbé ọmọ náà kúrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Fọlá mi, o mọ̀ pé ìfẹ́ tí mo ní sí ẹ..."

"Wálé, mi ò béèrè ìfẹ́. Ọkọ̀ ni mo ń béèrè."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí i pé kò sí àwàdà lójú rẹ̀. "Bí mo bá ṣe é, Màámi ò ní gbà ọ́ níyàwó. O mọ̀ wọ́n."

"Kí wọ́n má gbà mí. Ojú ọmọ náà ni kí wọ́n gbà là."

Ọláwálé wo ilẹ̀. Kò sọ pé òun á wá, kò sì sọ pé òun ò ní wá. Fọláfúnmi yí padà, ó lọ. Ó sunkún títí dé ìdí máṣìnnì rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti nu ojú rẹ̀, ó sì wá rántí pé òun tiẹ̀ lójú tí òun ń nù. Ó jókòó, ó ń rán aṣọ oníbàárà lọ. Àmọ́ ọgbọ́n kan ń rìn kiri nínú orí rẹ̀, ó ń rìn bí abẹ́rẹ́, wọlé, jáde, wọlé, jáde.

*

Pápá ìsọjí ní Ọ̀kúkù funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sùtánà funfun, gèlè funfun, oòrùn ọ̀sán tó ń kọ mànà lára wọn. Fọláfúnmi náà wọ tirẹ̀. Ó rí kórópe Ọláwálé lábẹ́ igi máńgòrò, ó rí Ọláwálé fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò dúró. Ọ̀dọ̀ Bọ́sẹ̀dé ló gbà lọ. Bọ́sẹ̀dé wà láàárín àwọn ìyá ìjọ, nítòsí Màmá Ojúọlá.

"O tún dé," ni Bọ́sẹ̀dé wí.

"Mo dé, Ẹ̀gbọ́n mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ṣe é, tí ó sì já síbi tí ẹ sọ, mo máa padà sí Ìkìrun, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ ojú mọ́ láyé mi."

"Kí ni?"

"Ẹ dúró síbi tí ẹ wà yìí. Mo máa ní kí Dárasími wá bá yín. Ẹ má pè é. Ẹ má húkọ́ pàápàá. Ẹ juwọ́ sí i nìkan."

Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ìyẹn nìkan? Ṣé o rò pé ọmọ tí mo bí ò mọ̀ mí? Lọ pè é."

Dárasími jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, wọ́n ti fi ọ̀já búlúù dì í níbàdí, tùràrí ń rú lójú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú.

"Màámi rẹ ń pè ẹ́," ni Fọláfúnmi sọ fún un.

"Ibo ni wọ́n wà?"

"Iwájú ẹ níbí, láàárín àwọn ìyá yẹn. Lọ bá wọn."

Ọmọ náà dìde. Ó fi ọwọ́ ṣe ìbòòji sójú, ó ń lọ. Bọ́sẹ̀dé ti gbé ọwọ́ sókè. Ó juwọ́. Ọmọ náà ń bọ̀, ó sún mọ́ tòsí. Bọ́sẹ̀dé ju ọwọ́ méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Dárasími gbójú sókè sí ojú ìyá rẹ̀ gan-an, ó wò ó bí ẹni ń wo ògiri, ó sì kọjá. Etí sùtánà rẹ̀ kan ti ìyá rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di aṣọ Màmá Ojúọlá mú.

"Màámi, ẹ ní kí n wá?"

Ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé ṣì wà lókè.

"Èmi kọ́," ni Màmá Ojúọlá wí, ó rọra yọ ọwọ́ ọmọ náà lára aṣọ rẹ̀. "Èmi kọ́ ni ìyá rẹ, Aríran. Ìyá rẹ nìyẹn, o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára rẹ̀ ni."

Bọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ gbìì, gèlè rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. "Dárasími! Iwájú ẹ ni mo wà! Mo ń juwọ́ sí ẹ!"

Ọmọ náà yí padà síbi tí ohùn ti wá, ojú rẹ̀ sì tàn. "Ẹ ò sọ̀rọ̀ ni, Màámi. Bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀, mo máa ń rí yín."

Nígbà náà ni ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú lórí pẹpẹ kéde pé kí Aríran Kékeré láti Inísà máa bọ̀. Ogunlọ́gọ̀ hó. Màmá Ojúọlá wo pẹpẹ, ó wo ọmọ náà.

"Bọ́sẹ̀dé, jẹ́ kó kọ́kọ́ gorí pẹpẹ ná. Ogunlọ́gọ̀ ń dúró. Kò ní pẹ́..."

"Rárá, Màmá." Bọ́sẹ̀dé dìde. Kò wá gèlè rẹ̀. Ó gbé ọmọ tó ti dàgbà jù fún gbígbé, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó sì kígbe débi tí àwọn tó wà níwájú fi yíjú padà. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n! Ọmọ mi ò ríran! Ẹ̀yin ará, ọmọ mi ò ríran!"

Fọláfúnmi ti sáré dé títì, ó ń wá ọ̀kadà. Fèrè ọkọ̀ kan dún lẹ́yìn rẹ̀, ó dún gan-an, ó dún bí ẹni tó ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun pẹ́. Ó bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn kórópe ti ṣí sílẹ̀. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan.

"Ọkọ̀ nìyí," ni Ọláwálé wí.

Màmá Ojúọlá ti tẹ̀ lé wọn dé etí títì. "Wálé! Àwọn akọrin ńkọ́? Ta ló máa gbé wọn padà?"

"Wọ́n á máa kọrin dè mí, Màámi. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan mìíràn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe."

*

Dókítà Ọlánípẹ̀kun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ọ̀bẹ ìsè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìtọ́jú.

Ó gbé ẹ̀rọ sí ẹyinjú rẹ̀, ó ní ó le ju bó ṣe yẹ lọ, méjèèjì. Ó yí ìpéǹpéjú padà, ó fi kókó inú rẹ̀ han Bọ́sẹ̀dé, ó ṣù bí òkúta wẹ́wẹ́ inú omi. Ó kun ojú náà ní àwọ̀ ìyeyè kan, ó tan iná búlúù sí i, egbò ojú òsì sì yọ kedere. Bọ́sẹ̀dé wo gbogbo rẹ̀. Kò gbé ojú kúrò.

"Èmi ni mo kán an, Dókítà. Ọwọ́ mi yìí."

"Ọwọ́ yẹn náà ló máa kán tuntun," ni dókítà dá a lóhùn. "Nítorí náà, ẹ má tíì gé e."

Ó tó iṣẹ́ gan-an. Dókítà kọ lẹ́tà, ó fi rán wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, wọ́n ha egbò náà nù níbẹ̀, wọ́n fún wọn ní oògùn tí yóò mú omi inú ojú wálẹ̀, àti òmíràn tí yóò máa pa yíyún náà láìba nǹkan jẹ́. Bọ́sẹ̀dé ń kán ọ̀kan, á dúró, á kán èkejì, kò fo ọ̀kan rí. Ó gbé agbada gàrí lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì ní kí Dárasími má dé ibẹ̀. Bó bá ń yún un, aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi tútù ni wọ́n ń gbé lé e. Ẹni tó bá rí i tó ra ojú, kó pariwo. Ìgbà kan wà tí ọyẹ́ tún gbé eruku wá, tí ó ra á, tí ojú náà tún pọ́n. Bọ́sẹ̀dé kò lọ sí kẹ́míìsì. Ọ̀dọ̀ dókítà ló sáré lọ.

Fọláfúnmi rán fìlà kan fún un, elétí gbọọrọ níwájú, tó ń fi òjìji bo ojú. Dókítà fún un ní dígí dúdú. Àwọn ọmọ ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Ọ̀gá Ńlá". Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ máa fi dígí náà sùn.

Màmá Ojúọlá kò bá Fọláfúnmi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá kúnlẹ̀ kí i, á ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," bí ẹní ń kí àlejò tó ṣìnà. Ọláwálé ní òun á dúró, bó jẹ́ títí tí gbogbo irun òun á fi funfun bíi sùtánà. Fọláfúnmi ní irun funfun á yẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, láìrò tẹ́lẹ̀, ìyá náà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkìrun. Ó jókòó. Ó ń yẹ bọ́tìnì wò nínú páànù títí.

"Tùràrí," ló wí níkẹyìn. "Èéfín rẹ̀. Ṣé ó wà lára ohun tó ṣe é?"

Fọláfúnmi kò lè purọ́ fún un. "Ó wà lára ẹ̀, Màmá."

Màmá Ojúọlá mi orí. Ó ra bọ́tìnì kan tí kò nílò, ó sì lọ.

*

Ọjọ́ Àìkú tí Dárasími padà sí ìjọ ní Inísà, wọ́n ti gbé àwo tùràrí lọ sí ẹnu ọ̀nà ìta. Bọ́sẹ̀dé kò lọ síwájú. Ìjókòó rẹ̀ àtijọ́ lẹ́yìn pátápátá ló lọ, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án. Àmọ́ Màmá Ojúọlá pe ọmọ náà wá síwájú pẹpẹ. Àbẹ́là ń jó. Àwọn akọrin dákẹ́. Fọláfúnmi di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

"Bọ́ dígí yẹn, ọmọ mi," ni Màmá Ojúọlá wí. "Kí lo rí?"

Dárasími bọ́ dígí. Ó wo àbẹ́là náà, ó fọwọ́ bo ojú òsì, ó wò ó. Ó bo ojú ọ̀tún, ó tún wò ó.

"Ojú yìí, àbẹ́là ni," ló wí, ó fọwọ́ kan ọ̀tún. "Ojú yìí, ó ṣì ń ṣe bàìbàì díẹ̀. Dókítà ní ó lè máa rí bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kò sí òṣùmàrè?" ni bàbá kan béèrè láti ọ̀nà ọ̀tún, ó dà bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sí, sà. Àbẹ́là lásán ni. Ó ti fẹ́ tán pàápàá."

Ìjọ ń wo ara wọn. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá kí òun ṣe halelúyà tàbí kí òun dákẹ́. Ní ẹ̀yìn pátápátá, láàárín gbogbo aṣọ funfun náà, Bọ́sẹ̀dé gbé ọwọ́ kan sókè. Kò sọ̀rọ̀. Kò húkọ́. Ó juwọ́ nìkan.

Dárasími gbójú kọjá gbogbo ìjọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó sì ju ọwọ́ tirẹ̀ padà.

Màmá Ojúọlá yí padà wo ẹni tí ọmọ náà ń juwọ́ sí, jìnnà lọ́hùn-ún lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó gbé etí sùtánà rẹ̀, ó nu ojú. Ojú rẹ̀ wá bá ti Fọláfúnmi, ó sì mi orí sí i, bí ìyá ṣe ń mi orí sí ọmọ tirẹ̀.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, kò pariwo rárá lọ́tẹ̀ yìí. "Ọmọ yìí ríran."

Láti ìlà kẹta, ohùn oyin kan ló kọ́kọ́ dáhùn pé halelúyà.